Òpó Tó Ń Jẹ Oòrùn Lọ́nà Òkókó

Bí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́lé ní Òkókómáíkò, tí pupa ojú ọ̀run lápá Àgbárá ń di eérú, ẹ gbójú sókè wo àwọn òpó iná sólà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí òṣìṣẹ́ tó máa wá tẹ nǹkan kan. Àwọn ọmọdé kò ní hó "Ọ̀pù Nẹ́pà!", torí iná yìí kò bá Nẹ́pà tan. Ọ̀kan á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, á sì là gbàgà. Èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta kò ní tàn. Ẹ̀kẹrin á tàn, àmọ́ kó tó di aago mẹ́wàá á ti kú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò dáadáa mọ èyí tó máa tàn àti èyí tí kò ní tàn, ó sì mọ ẹ̀gbẹ́ títì tó yẹ kí òun gbà.

Ẹsẹ̀ òpó ló kọ́kọ́ yẹ ní wíwò. Kọnkéré onígun mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, bóòtù mẹ́rin yọrí lára rẹ̀, wọ́n wá fi nọ́ọ̀tì de àwo irin tó wà nídìí òpó mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì kan sábà máa ń sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ń ṣa irin àlòkù kì í jẹ́ kí ohun tó bá ti dẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Láti orúnkún dé èjìká, ìwé ìpolówó ti bo irin náà: oníṣègùn jẹ̀díjẹ̀dí, olùkọ́ tó ní òun á mú ọmọ yín yege JAMB, yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ fún ẹni tó ń wá ilé, àti olùdíje kan tí ìbò rẹ̀ ti kọjá lọ, tí òjò ti wẹ ojú rẹ̀ dànù, tó wá ku fìlà. Lókè àwọn wọ̀nyí ni páànù pélébé kan sábà máa ń wà, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ aṣòfin tàbí alága kánsù tó gbé iṣẹ́ náà wá sí. Mi ò tíì rí òpó kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì sí.

Gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lórí rẹ̀ pátápátá, irin náà á nawọ́ síta sórí títì, oríṣi méjì sì ni ohun tó máa ń gbé dání. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ń gbé pánẹ́ẹ̀lì ńlá kan sórí, gílóòbù wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, bátìrì sì wà nínú àpótí irin tí wọ́n so mọ́ àyà òpó tàbí tí wọ́n rì sílẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí kò ní àpótí. Ohun gbogbo wà lójú kan: pánẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn, ìlà àwọn gílóòbù LED tí kò tó èékánná ọwọ́ níkùn, bátìrì láàrin méjèèjì. All-in-one ni gbogbo ọjà ń pè é. Ẹ wò ó dáadáa láti ìsàlẹ̀, ẹ máa rí kókó funfun roboto kan níkùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìyẹn. Ooru ara ènìyàn tàbí ti ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń fura sí.

Láti àárọ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ti ń sọ ìtànṣán oòrùn di iná mànàmáná, tí ẹ̀rọ kékeré kan, controller, sì ń díwọ̀n rẹ̀ sínú bátìrì kó má bàa gbà ju agbára rẹ̀ lọ. Pánẹ́ẹ̀lì kan náà ló tún ń jẹ́ kí òpó mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú: bí iná tó ń ti ibẹ̀ wá bá ti já sílẹ̀, controller á tan gílóòbù. Tó bá di òru, tí ẹsẹ̀ dá, á rẹ iná ara rẹ̀ sílẹ̀ kí bátìrì lè dé ìdájí. Ẹni tó bá ń rìn bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà ní aago kan òru á rí i pé iná ń là níwájú òun bí òun ṣe ń sún mọ́ ọn, ó sì ń relẹ̀ lẹ́yìn òun. Àwọn kan ní ó ń já àwọn láyà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ọlọ́dẹ tó jókòó sí ìkangun òpópónà á mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oòrùn tiwa sì rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí ju tàwọn mìíràn lọ. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 àtàbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà òru wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Wákàtí méjìlá ni, ó lè fi bí ìdajì wákàtí lé tàbí kó fi dín. Ẹni tó bá ri irú òpó yìí mọ́lẹ̀ ní Peckham, nílùú London, lóṣù Kejìlá, òru wákàtí 16 ló ń dúró dè é, pẹ̀lú oòrùn tí kò lágbára. Tiwa ni ọyẹ́ àti òjò. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku tó ti ìhà òkè wá á darapọ̀ mọ́ èéfín tírélà, á wá di ìpele pupa rẹ́súrẹ́sú lójú pánẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ lè fọ̀ ọ́. Tí oṣù Kẹfà bá sì dé, tí òjò ń rọ̀ ní àrọ̀ọ̀dá, òpó tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ju òru kan lọ á fi òkùnkùn hàn wá.

Ọ̀nà tí àwọn òpó yìí dúró tì kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Márosẹ̀ Èkó sí Badagry ni, ó jẹ́ apá kan nínú ọ̀nà etí òkun tó ti Èkó gba Kútọnu, Lomé àti Accra dé Abidjan, nǹkan bíi kìlómítà 1,028. Tírélà tó ń ti bodè Sèmè bọ̀ ń gbabẹ̀, dáńfó Mile 2 ń gbabẹ̀, àti kòròpé, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ọ̀kadà, pẹ̀lú obìnrin tó ru agbọ̀n ẹja lọ sí Ìyànà-Ìbà. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lẹ́bàá rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ti dáwọ́ dúró tipẹ́, síbẹ̀ kọ̀ńdọ́ ṣì ń ké "Volks wà o!" LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, dé ní 1983, ó sì mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn wá. Ní 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Fáṣọlá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti fẹ ọ̀nà náà kí ọkọ̀ mẹ́wàá lè máa tò lọ lọ́gbọọgba lórí rẹ̀, kí ojú irin sì gba àárín kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni katapílà ṣì ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwa tí à ń gba ọ̀nà yẹn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lálẹ́: òkìtì yẹ̀pẹ̀ níbi tí ọ̀nà wà lánàá, ọ̀nà níbi tí gọ́tà wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ méjì tó dojú kọra nínú ìlà kan ṣoṣo.

Òkùnkùn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn oko. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó ń fi ilẹ̀ hàn. Iná ilé epo ń tàn fún ilé epo. Iná alágbàdo àti ti ìyá onírẹsì ń tàn fún àtẹ wọn. Fóònù ń tàn sí ojú ẹni tó dì í mú. Dáńfó kan á ṣẹ́rí bọ̀ pẹ̀lú iná gíga, gbogbo nǹkan á funfun bálàú, nígbà tó bá kọjá tán, ojú á ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ẹsẹ̀ ń já sí kòtò, tí ọ̀kadà tí kò ní iná lẹ́yìn ń wọlé sábẹ́ tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bá awakọ̀ jókòó níwájú díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 láàrin wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò mítà 53 kó tó lè dúró pátápátá, ìyẹn lórí títì gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó pé. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú, tó ń sọdá níwájú Barracks, lè má hàn nínú iná rírẹlẹ̀ títí ó fi ku mítà ọgbọ̀n. Ìṣirò yẹn kò bára mu, kò sì sí àdúrà awakọ̀ tó lè mú un bára mu. Ohun tí òpó iná ń ṣe ni pé ó ń fi ẹni tó ń sọdá hàn láti ọ̀nà jíjìn, kí ọkọ̀ náà tó sún mọ́ ọn rárá. Ní ti àwọn ajínifóònù, ìlú New York dán an wò ní 2016: wọ́n gbé iná ńláńlá sí àyíká àwọn ilé gbígbé kan tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú, wọ́n fi àwọn míì sílẹ̀, ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ sì fi bí ìdá 36 nínú 100 dín kù níbi tí iná wà. Àwọn ọmọbìnrin LASU kò nílò ìwádìí kí wọ́n tó mọ ìyẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ bá parí.

Èkó ti ń bá iná ojú títì fà á tipẹ́. Ọdún 1896 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ pèsè iná mànàmáná nílùú yìí, Nẹ́pà sì dé ní 1972. Nígbà tí a rí i pé ẹni tó ń dúró de Nẹ́pà máa pẹ́ nínú òkùnkùn, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sídìí òpó. Ẹ ṣì rántí àwọn àgò irin wọ̀nyẹn tó ń hu láàrin títì méjì, tí dísù ń rùn jáde nínú wọn. Iná wọn dára, ó pọ́n bí epo pupa. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa da dísù sí i, nígbà tó sì fi di 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ìjọba tún kọ́ ilé iṣẹ́ iná tirẹ̀, irú èyí tó wà ní Aláùsá, ṣùgbọ́n lágbègbè ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn ìjọba ni wáyà wọn rìn dé. Ní ti ọ̀nà Òkókó, wáyà gan-an ni ìṣòro: ọ̀nà tí katapílà ń gbẹ́ lójoojúmọ́ kò ṣeé ri wáyà sí, bí katapílà kò bá sì gé e, ẹni tó fẹ́ tà á á hú u. Òpó sólà kò ní wáyà nínú ilẹ̀. Òun nìkan ló dá dúró, bí wọ́n bá sì gbé ọ̀nà sún, wọ́n lè tú bóòtù mẹ́rin kí wọ́n gbé e sún pẹ̀lú.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọjà tí gbogbo ayé ti ń ra iná yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ tiwa yìí gan-an. Láti ìhà Òkè Ọya, láti Kútọnu, láti Dùálà, wọ́n ń wá ra pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà àti bátìrì ní Àlàbà, pàápàá láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ wo bọ́ọ̀lù wá rí i pé apá òun kò ká epo mọ́. Lójú ọ̀sán, ọjà náà ń kọ mànà. Tó bá ti di alẹ́, àwọn tó ń tà á á rọ́ jáde sójú ọ̀nà tó ṣókùnkùn, wọ́n ń fi fóònù wá ibi tí wọ́n máa tẹsẹ̀ sí.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á á gbé all-in-one kan sílẹ̀ látorí ògiri, á ní, "Ọ̀gá mi, 300 wáàtì lèyí, títí di àárọ̀ ló máa tàn." Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, iná á sì là yàà níkùn rẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ kìkì ohun tó sọ fún yín ni pé iná náà kò tíì kú. Àgbà oníwáyà tí mo bá lọ kò tiẹ̀ wo iná. Ó gbé e, ó fi ọwọ́ kan wọn ìwúwo rẹ̀, ó gbé e padà. "Bàbá, ẹ jẹ́ n tan òmíràn fún yín." Bàbá ní, "Má tan nǹkan kan, ọmọ mi. Fúyẹ́ ló fúyẹ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Ìṣirò ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò le. Ká ní pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn iná náà jẹ́ 20 wáàtì, torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwo ìgbóúnjẹ lọ. Ká fún un ní wákàtí mẹ́rin oòrùn gidi lóòjọ́. Wáàtì 80 fún wákàtí kan ló kó jọ. Ẹ pín in sí òru wákàtí 12, kò pé wáàtì méje. Ọ̀ọ́dúnrún wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí, inú páálí ló ń gbé. Iná tó bá fẹ́ fi 60 wáàtì tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀ nílò pánẹ́ẹ̀lì tó ju 200 wáàtì lọ dáadáa, nígbà tí a bá ro ìkùukùu àti eruku mọ́ ọn, ìyẹn sì tóbi tó ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ tún gbójú sókè wo àwọn òpó títì, kí ẹ wo èyí tó ní irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lórí.

Bí wọ́n tilẹ̀ ra ojúlówó, ọjọ́ orí àwọn ẹ̀yà ara òpó kò dọ́gba. Irin tí wọ́n rì sínú síǹkì dáadáa lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ọ̀jọ́ ń mú kí èyí tí wọ́n kàn kùn ní ọ̀dà tètè dípẹtà. Pánẹ́ẹ̀lì gidi ń lo ọdún 25. LED tó bá lè tàn fún wákàtí 50,000 á lo ju ọdún 11 lọ. Bátìrì ni kò bá wọn kalẹ́. Lítíọ́ọ̀mù tó dára lè gba iná kó sì tú u sílẹ̀ ní bí ìgbà 2,000, ìyẹn ọdún márùn-ún àtàbọ̀. Bátìrì olójé ti àtijọ́, ọdún méjì sí mẹ́ta, bí olè kò bá gbé e lọ fún onínfátà kó tó dìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n sì fi ẹyin bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù tò pọ̀, ẹ má bi mí. Báyìí ni òpó ṣe ń dúró gírígírí lẹ́bàá títì, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé, gílóòbù rẹ̀ pé, kò sì tàn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, bẹ́ńbẹ́ dún. Ọjọ́ tó kú, kò sẹ́ni tí wọ́n kọ ìwé sí. Iye òpó ló ń wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, bátìrì ọdún kẹrin kì í sí níbẹ̀. Ní Tógò, lórí ọ̀nà etí òkun kan náà yìí, ìjọba bá ilé iṣẹ́ Sunna Design ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn òpó sólà 50,000, wọ́n sì fi ìtọ́jú wọn sínú àdéhùn náà. Ohun tó wù mí níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún àádọ́ta.

Èrò tèmi ni pé òpó sólà kékeré kì í ṣe ti márosẹ̀ tí ọkọ̀ mẹ́wàá ń tò lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè rékọjá ìlà ọkọ̀ méjì kó tó tú. Irú ọ̀nà yẹn ń fẹ́ òpó gíga, gílóòbù alágbára, àti iná tí ẹnì kan ń dáhùn fún. Inú àdúgbò ni òpó sólà ti ń ṣe bí ẹni tó délé: àwọn òpópónà Ìbà New Site, ẹ̀yìn ilé Jakande, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn LASU kọjá. Títì ibẹ̀ kò fẹ̀, òpó kan lè mọ́lẹ̀ dé iwájú ilé mẹ́rin, bó bá sì kú, ẹni tó ń gbé ilé kẹta mọ ẹni tó máa lọ bá.

Ìdí nìyẹn tí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fi ń gbóná tí ọ̀rọ̀ bá kan iná. Wọ́n á dá owó fún ọlọ́dẹ, kò ní sí ìjà. Wọ́n á dá owó òpó, ìjà á dé lórí ibi tó máa dúró. "Alága, ṣé iwájú ilé yín nìkan ni ilẹ̀ ti ń ṣú ni?" Màmá tó ń ta àkàrà fẹ́ kó wà níkòríta, torí ibẹ̀ ni òun ń dáná sí. Alhaji kan kò fẹ́ kó kọjú sí fèrèsé yàrá òun, kò jẹ́ kí òun sùn. Wọ́n á bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ títí, ìkòríta ló máa ń borí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí níbi tí màmá bá dáná sí, ojú ènìyàn kì í tán níbẹ̀ títí di aago mọ́kànlá. Akápò á kọ ọjọ́ tí wọ́n ra bátìrì sínú ìwé, wọ́n á sì fi náírà mélòó kan kún owó oṣooṣù de ọjọ́ tó máa kú. Mo ti rí òpó tí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ gbé ró, kò ní orúkọ olóṣèlú kankan lára, ó sì ń tàn.

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, kìlómítà 13. Apá kejì tó kù, kìlómítà 14, Òkókómáíkò ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, èrò tó ń ti Èkó bọ̀ níbi iṣẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, ní aago mẹ́jọ, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ibùdó fúnra rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ kedere. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn ibùdó náà ni wàhálà wà: ibi tí wọ́n ti máa sọdá, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí wọ́n máa tọ̀, dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Ìbà ti ń kó èrò. Bí kánsù bá ní owó òpó mẹ́wàá péré lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kó ri mẹ́sàn-án sí, kó sì fi owó òpó kẹwàá pa mọ́ fún bátìrì.